Owó-orí Òkè Òkun: Ẹrù Tí A Gbé Ka Mẹ̀kúnnù Lórí

Nígbà kan rí, ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ní òde òní, olùkọ́ tí ó wà ní Ìbàdàn àti oníṣòwò tí ó wà ní Kánò lè fi ẹ̀rọ ìléwọ́ rà á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun ìdùnnú ni èyí. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Owó-orí àti ìwé kíkọ tí ó rọ̀ mọ́ irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn sí ẹni tí ń rà á.

Kí ènìyàn tó ra ìpín àkọ́kọ́, alágbàtà yóò gbé fọ́ọ̀mù W-8BEN síwájú rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹ́rìí pé òun kì í ṣe ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà, tí yóò sì kọ orílẹ̀-èdè tí ó ń gbé. Agbára ìwé náà a máa tán ní òpin ọdún kẹta lẹ́yìn ọdún tí a fọwọ́ sí i, a ó sì tún kọ òmíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò nìyí: bí ẹni tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bá kọ ìwé yìí, dọ́là 15 ni Amẹ́ríkà yóò yọ nínú dọ́là 100 èrè ìpín rẹ̀, nítorí pé àdéhùn owó-orí wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Bí ará Nàìjíríà bá kọ ìwé kan náà, dọ́là 30 ni wọn yóò yọ, nítorí pé Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà.

Ọ̀ràn ikú tilẹ̀ wúwo ju èyí lọ. Bí ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà bá kú ní ọdún 2026, ogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá mílíọ̀nù 15 dọ́là kí owó-orí ogún ìjọba àpapọ̀ wọn tó kàn án. Ní ti àjèjì tí kò gbé ibẹ̀, bí ìpín rẹ̀ bá ti kọjá dọ́là 60,000, opó àti ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà láàárín oṣù 9, owó-orí náà sì lè ga dé 40 nínú 100.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àpò ìdókòwò àjùmọ̀ní wà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń da owó pọ̀ bí ìgbà tí a ń dá èsúsú, tí àwọn alábòójútó sì ń fi í ra ìpín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́. Bí a bá dá àpò náà sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ireland, tí ó ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà, 15 nínú 100 ni a ń yọ nínú èrè tí ó ti Amẹ́ríkà wọlé. Àpò náà fúnra rẹ̀ ni ó ń bá Amẹ́ríkà ṣe ìwé, òfin ogún Amẹ́ríkà kò sì kan ìpín inú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn alábòójútó ń gba owó iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣìnà: àpò tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà gan-an kò gba ará Nàìjíríà lọ́wọ́ 30 yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á lọ́wọ́ òfin ogún.

Ṣùgbọ́n ó ha yẹ kí ọmọ Nàìjíríà máa gba ẹ̀yìnkùlé Ireland wọ ọjà Amẹ́ríkà títí láé? Ìjọba Àpapọ̀ ti bá Gẹ̀ẹ́sì, Ṣáínà àti Gúúsù Áfíríkà ṣe àdéhùn owó-orí. Kò sí ìdí tí kò fi yẹ kí ó jókòó pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Mẹ̀kúnnù lè fi ọgbọ́n yan àpò tí yóò fi owó rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò lè bá orílẹ̀-èdè kankan ṣe àdéhùn. Iṣẹ́ ìjọba ni èyí, àwọn aṣojú tí aráàlú fi ìbò rán ní Àbújá ni ó sì yẹ kí wọ́n béèrè rẹ̀.