Ẹ Bi Í Pé Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀

Láti ọdún 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá Google sílẹ̀, ẹni tó bá fi í wá ọ̀rọ̀ ló ń ṣe onídàájọ́. Google á to ojú ìwé sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Èyí tí àwọn ojú ìwé mìíràn bá ń tọ́ka sí dáadáa á sábà wà lókè. Ìwọ lo máa ṣí wọn, ìwọ lo máa kà wọ́n, ìwọ náà lo sì máa mọ èyí tí wàá gbà gbọ́.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, irú Perplexity àti ChatGPT, ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Wọ́n á ka ojú ìwé bíi mélòó kan, wọ́n á sì pa wọ́n pọ̀ di ìdáhùn kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tò, ìdí nìyẹn tí òótọ́ àti irọ́ fi ń dùn bákan náà lẹ́nu wọn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Google náà gbé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi béèrè pé òkúta mélòó ló yẹ kí èèyàn máa jẹ. Èsì tó gbà ni pé àwọn onímọ̀ ní kó máa jẹ òkúta kékeré kan, ó kéré tán, lójúmọ́! Inú The Onion lọ̀rọ̀ náà ti wá, ìwé ìròyìn tó jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, táwọn ará Amẹ́ríkà sì mọ̀ bí ẹni mowó. Ká ní orúkọ yẹn lonítọ̀hún kọ́kọ́ rí ni, kíá ni ì bá mọ̀ pé àwàdà ni.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè fi Yorùbá béèrè lónìí, kó sì gba èsì ní Yorùbá. Àǹfààní ńlá ni. Àmọ́ ojú ìwé Yorùbá kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí ẹ̀rọ kò ti rí púpọ̀ kà, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti fura jù.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìdáhùn wọn. Ẹ ṣí i. Tó bá kan oògùn, ilẹ̀, owó tàbí ẹjọ́, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ àti ìgbà tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì tún wo ibòmíràn. Ìdáhùn tí ẹ kò bá mọ orísun rẹ̀, ẹ má gbé ìgbésẹ̀ kankan lé e lórí.