Sùúrù Ọmọ Nso, Ilé Ló Ti Wá

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan jókòó sídìí tábìlì nílẹ̀ àwọn Nso, ní Kamẹrúùnù. Puff-puff kan wà níwájú rẹ̀. Bó bá lè fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n á fi ọ̀kan kún un. Bó bá jẹ ẹ́, ó tán nìyẹn. Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, kò ké, kò mira. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ sùn lọ síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí Bettina Lamm, Heidi Keller àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì ìdánwò yìí jáde ní 2017, nǹkan bí 70 nínú 100 ọmọ Nso ló dúró gba ìkejì. Nínú àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n dán wò bákan náà, àwọn tó dúró ò pé 30 nínú 100.

Walter Mischel ló bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí ní Yunifásítì Stanford, ní àwọn ọdún 1960. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wò ó bí ẹni pé inú ọmọ ni sùúrù ti ń hù fúnra rẹ̀. Àmọ́ ilé ló ti ń wá! Ìyá Nso kì í dúró kí ìkókó ké kó tó fún un lọ́mú, bẹ́ẹ̀ ló sì ń kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa pa ara rẹ̀ mọ́ra, kó sì gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Ìyá Jámánì ní tiẹ̀ a máa bi ọmọ léèrè ohun tó wù ú.

Òbí Yorùbá náà mọ irú ẹ̀kọ́ tí ìyá Nso ń kọ́ ọmọ yìí. Ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀ gbọ́dọ̀ rántí ohun tí wọ́n ní kó rà, kí owó má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ọlọ́jà, kó sì gba ṣéńjì bọ̀. Ọpọlọ ńlá nìyẹn, ó sì dunni pé ilé ìwé kì í fún un ní máàkì kankan. Àmọ́ o, ọmọ tí wọn ò gbà láyè láti béèrè ìdí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, ìyà ń jẹ ẹ́. Ó yẹ kí òbí tún ibẹ̀ ṣe.

Kì í ṣe sùúrù nìkan ló ń ti ilé wá. Ní 1979, olùṣèwádìí Robert Serpell fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Lusaka, ní Zambia, wé ti àwọn ọmọ Manchester, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Manchester mọ àwòrán yà jù. Nígbà tó kan fífi wáyà mọ nǹkan, àwọn ọmọ Lusaka, tó ń fi í ṣeré ládùúgbò, ló borí. Nítorí náà, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó bá fẹ́ díwọ̀n ọpọlọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, kó kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an nílé.