Iṣan Ojú Tí Ó Wú: Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀

Àgbẹ̀ tí ó bá rí i pé ewé kòkó rẹ̀ ń pọ́n ní ìgbà tí kò yẹ kì í fi oògùn pa ewé náà lásán kí ó sì padà sílé. Yóò wo ìdí igi: bóyá ikán ni, bóyá omi ni ó dúró sí gbòǹgbò, bóyá àrùn ni ó wọ ẹ̀ka. Ohun tí à ń ṣe fún igi yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe fún ojú ara wa.

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú kọ̀ọ̀kan ni iṣan kan wà tí ó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. Iṣan yìí a máa wú nígbà mìíràn. Ẹ̀fọ́rí líle lè máa mú ẹni náà ní òwúrọ̀. Ojú rẹ̀ lè ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ tàbí bí ó bá dìde. Ó lè máa bì, tàbí kí ó máa rí ohun kan ní méjì. Síbẹ̀, nígbà púpọ̀ ojú náà kì í pọ́n, kì í sì í ṣepin. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń ra oògùn ìkánsójú lọ́jà, tí wọ́n sì ń yá awò ojú ẹlòmíràn lò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Wíwú yìí kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, ìránṣẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ojú méjèèjì, oníṣègùn a kọ́kọ́ fura sí inú agbárí: kókó, oówo, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì, àrùn yírùnyírùn, tàbí omi tí ó yí ọpọlọ ká tí ó ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó kọjá ààlà lè fà á pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ojú kan, ó lè jẹ́ pé ara ni ó ń bá iṣan náà jà, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ tó. Rẹ́kórẹ́kó àti ikọ́ ife náà lè ṣe é.

Májèlé kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní àgbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀fọ́rí mú àwọn ènìyàn, ojú wọn ṣe bàìbàì, ọ̀pọ̀ sì kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan wí pé ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, oró tí ó wà nínú ọtí líle tí wọ́n mu. Inú ara ni oró yìí ti ń di omi kíkan tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Bí a bá dúró lórí ọ̀rọ̀ òrìṣà, ta ni ìbá da ọtí náà nù?

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí á tọ oníṣègùn lọ láìjáfara. Láti ọdún 1851 tí Hermann von Helmholtz ti ilẹ̀ Jámánì ti fi ohun èlò ìwo inú ojú han ayé ni ó ti ṣeé ṣe láti rí orí iṣan yìí láìla ojú. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n ya àwòrán inú orí. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá yẹ, kí wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Kí àwa náà má ṣe fi oògùn tàbí ọtí tí a ti mu pamọ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀nà jìn, owó kò sì sí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣan ojú tí ó bá ti kú kì í tún hù bí ẹ̀ka igi. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé iṣan ojú rẹ wú, má ṣe dúpẹ́ kí o sì máa lọ, bi wọ́n léèrè pé, “Kí ni ó fà á?” Má ṣe sinmi títí ìwọ yóò fi gbọ́ ìdáhùn.