Ẹ Gbé Fíláàṣì Kúrò Lórí Kámẹ́rà

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán fi ìdánwò kan kún èyí tí à ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ kí ó tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Kí a fún un ní fíláàṣì kan, ọ̀pá kan àti agbòòjò funfun kan. Kí a fi àgbàlagbà adúmáadán kan tó wọ léèsì funfun jókòó síwájú rẹ̀, kí a sì ní kó ya ojú ẹni náà bó ṣe rí gan-an. Kò gbọdọ̀ fi fíláàṣì sórí kámẹ́rà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá a yan agbára iná. Ọmọ tí kò bá lè ṣe é, kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kó lọ kọ́ ọ.

Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mo sì ń kọ́ ọmọ. Àwọn àwòrán tí àwọn ènìyàn ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá wọn tún tẹ̀ ló mú mi sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí ìyá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí adú, ojú rẹ̀ ti di pupa nínú fótò, ọrùn rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹ ó rí bàbá tó kọ àbàjà, ilà náà ti pòórá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà tún fótò náà ṣe ni àwọn ẹbí máa ń bú. Èmi gbà pé nǹkan ti bàjẹ́ kí fótò náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti ibi tí iná ti wá.

Iná tó bá ti orí kámẹ́rà wá, ọ̀nà kan náà ni òun àti lẹ́ńsì ń gbà lọ sójú ènìyàn. Òjìji tó yẹ kó fi gíga imú àti kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn á bọ́ sẹ́yìn, níbi tí lẹ́ńsì kò ti lè rí i. Ojú á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Lára awọ dúdú, iná náà tún máa ń ta padà láti iwájú orí àti orí imú, á sì fi àbàwọ́n funfun síbẹ̀. Ẹni tó ń tún fótò ṣe á fẹ́ fi àbàwọ́n náà pamọ́, á fi funfun pa gbogbo ojú, àwọ̀ tí Ọlọ́run fún ìyá náà á sì lọ. Bí a bá gbé fíláàṣì yẹn kan náà sí ẹ̀gbẹ́, òjìji á padà sí ààyè rẹ̀, ojú á sì ní ìrísí.

Ti agbára iná ńkọ́? Tí fíláàṣì bá wà lórí ọ́tò, ó máa ń kọ́kọ́ ta iná kékeré kan, kámẹ́rà á wọn èyí tó ta padà, á sì fi ìyẹn pinnu iye tí yóò ta gan-an. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín awọ àti aṣọ. Ohun tó ń wá ni kí gbogbo nǹkan papọ̀ rí bí àwọ̀ eérú. Bí ó bá rí léèsì funfun, á rò pé iná ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú á ṣókùnkùn. Bí obìnrin kan náà bá wọ àdìrẹ tí a rẹ sínú aró dáadáa, ẹ̀rọ á fi iná kún un, ojú á sì ṣá. Ẹnì kan, àga kan, yàrá kan, àwọ̀ ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n fíláàṣì tí a fi ọwọ́ gbé sí 1/8 agbára rẹ̀, ohun tí à ń pè ní máńúà, 1/8 ni yóò máa ta, ohun yòówù kí ó wọ̀.

Ìṣòro ẹ̀rọ àti awọ dúdú yìí ti pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé ìfọ̀wòrán máa ń lo káàdì kan láti ọ̀dọ̀ Kodak, tí wọ́n ń pè ní Shirley, láti mọ̀ bóyá àwọ̀ fótò ti dára. Obìnrin òyìnbó funfun ló wà lórí rẹ̀, awọ tirẹ̀ sì ni wọ́n fi ń wọn ti gbogbo ayé. Àwọn ọdún 1990 ni Kodak tó ṣe káàdì tí ènìyàn oríṣiríṣi àwọ̀ wà lórí rẹ̀. Ní 2021, Google ṣe ètò kan tó pè ní Real Tone sínú fóònù Pixel 6, kí kámẹ́rà rẹ̀ lè ya awọ dúdú bó ṣe yẹ. Bí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe nítorí awọ wa, kí ló dé tí àwa tí a ń wo awọ yìí lójoojúmọ́ fi ń fi ìdájọ́ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́?

Awọ wa kò ṣòro yà. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Irun dúdú lórí awọ dúdú, síbẹ̀ ènìyàn lè fi ìka tọ ojú dídì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yà wọ́n mọ iná.

Ohun mẹ́rin ló ń pinnu bí iná fíláàṣì ṣe máa hàn nínú fótò: agbára tí a gbé e sí, bó ṣe jìnnà sí ẹni tí à ń yà, bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, àti ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó. Ṣọ́tà ló ń darí iná tó ti wà nínú yàrá tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, bí ṣọ́tà bá ti yára ju 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ, òkùnkùn á bo apá kan fótò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ISO 100, ṣọ́tà 1/160 àti f/5.6, wọn á sì kọ́kọ́ ya fótò kan láìtan fíláàṣì. Nínú yàrá, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátá. Ìgbà náà ni wọ́n á mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ yòówù tó bá hàn nínú fótò tó kàn, àwọn ló fi síbẹ̀. Wọn á gbé fíláàṣì sí 1/8, sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kó ga ju ojú ẹni náà lọ díẹ̀. Bí ojú bá ṣókùnkùn, 1/4. Bí ó bá mọ́lẹ̀ jù, 1/16.

Jíjìnnà ló máa ń ya ọmọ lẹ́nu jù. Bí a bá sún fíláàṣì láti mítà 2 sí mítà 4, ìdá kan nínú mẹ́rin iná náà ló kù. Èyí tó wà ní 1/4 tẹ́lẹ̀, kíkún ni a máa gbé e sí. Ibẹ̀ ni fótò mọ̀lẹ́bí ti máa ń bàjẹ́. Bí fíláàṣì bá wà ní mítà 1 sí bàbá tó jókòó síwájú, tó sì jẹ́ mítà 2 sí ọmọ tó dúró lẹ́yìn, ìdá kan nínú mẹ́rin iná bàbá ni ọmọ á gbà. Ẹ gbé e sẹ́yìn, kó jẹ́ mítà 4 sí bàbá àti mítà 5 sí ọmọ, ọmọ á gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Gbogbo ẹbí á hàn.

Aṣọ wa náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí iná bá ga jù, òjìji gèlè á bo ojú obìnrin náà. Kí ọmọ máa sọ ọ̀pá kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ kékeré á fi hàn nínú ẹyinjú méjèèjì. Bí etí fìlà bàbá bá wó sí ọ̀tún, kí iná ti òsì wá. Bí awọ bá ń dán jù, kí ọmọ má sáré sí àtíkè. Kí ó sún agbòòjò mọ́ ẹni náà, kí ó dín agbára iná kù, kí ó sì gbé páálí funfun sí apá kejì. Dídán náà á fẹ̀, á rọ̀, á sì yẹ awọ náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan á ní òde àríyá kò ní sùúrù fún gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé bí a bá ń tẹ̀lé ìyàwó tó ń jó wọlé, tí wọ́n ń náwó fún un, tí àyè àárín wa ń yí padà ṣáá, ọ́tò wúlò níbẹ̀, èmi náà sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n níbi tí àlejò ti ń tò wá síwájú aṣọ ìyàwòrán, tí gbogbo wọn ń dúró lójú kan, máńúà ló yá jù. Bí a bá ti ṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oníléèsì àti aládìrẹ á jáde bí wọ́n ṣe rí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á sì dín kù.

Owó kì í ṣe àwáwí. Fíláàṣì tí kò ní ju máńúà lọ, irú Godox TT600 tàbí Yongnuo YN560, owó wọn kéré sí ti àwọn tó ní ọ́tò, bátìrì kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ kódà bí iná mànàmáná bá lọ. Ẹ̀kọ́ náà kò sì wọ́n: David Hobby, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ayé bí a ṣe ń lo fíláàṣì tí kò sí lórí kámẹ́rà, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2006.

Ẹ̀yin oníbàárà ló lè mú kí èyí yá. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ fún ayàwòrán kankan, ẹ ní kó fi fótò ẹni dúdú kan hàn yín, èyí tí kò tíì fi kọ̀ǹpútà tún ṣe rárá. Bí ẹ bá rí awọ ẹni náà bí awọ ènìyàn, tí ẹ rí ilà ojú rẹ̀ bí ó bá kọlà, ẹ sanwó fún un, kódà bí iye tó dá bá ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí kò bá ní irú fótò bẹ́ẹ̀ láti fi hàn, ẹ wá ayàwòrán mìíràn lọ.