Ẹ̀wù Òtútù Tí Kì í Jẹrà

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ọdún, ọyẹ́ a máa mú káàkiri òkè Ọya. Ní ìlú Jọ́ọ̀sì, tí a tẹ̀ dó sórí òkè tí gíga rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan mítà lọ, òtútù òru àti ti àfẹ̀mọ́júmọ́ a máa wọ ènìyàn dé egungun. Ọmọ Yorùbá tí ó ti Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lọ wá iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ kì í pẹ́ mọ̀ pé aṣọ tí òun gbé ti ilé wá kò tó. Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó gbilẹ̀, ọjà a ti kún fún jákẹ́ẹ̀tì àti súwẹ́tà onírun. Nígbà tí òjò bá sì dé, ẹ̀wù òjò ni yóò gba ipò wọn. Ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé lóru, awakọ̀ tí ń rin ìrìn-àjò òru, oníṣòwò tí ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, àti ọmọ ilé-ìwé, gbogbo wọn ni wọ́n nílò irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀wù wọ̀nyí ni ó jẹ́ òkìrìkà, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní gwánjò. Òkè òkun ni wọ́n ti ń dì wọ́n ní ìdì-ìdì wá. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí tálákà ra ẹ̀wù àlòkù láti fi bo ọmọ rẹ̀ lára; ẹni tí òtútù ń mú kì í béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn bi ara wọn ni pé: níbo ni ẹ̀wù náà ń lọ nígbà tí síìpù rẹ̀ bá já, tí apá rẹ̀ sì ya? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó wà nínú gọ́tà, ó sì wà lórí ààtàn ìlú ńláńlá gbogbo.

Ní ayé àtijọ́, aṣọ gbígbó kì í ṣe ìṣòro fún ilẹ̀. Òwú ni àwọn baba ńlá Yorùbá fi ń hun aṣọ. Kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé, aṣọ tí ó ki tí ó sì ń tọ́jọ́, ni àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sí oko, òun náà ni wọ́n sì ń fi bora lóru ọyẹ́. Bí ó bá gbó, a di òṣùká, a di àkísà tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Nígbà tí àkísà náà kò bá wúlò mọ́, wọn a sọ ọ́ sí ààtàn, òjò àti ikán a sì sọ ọ́ di erùpẹ̀ padà. Láti inú ìṣe yìí ni àṣà jíju aṣọ gbígbó sẹ́yìn ilé ti wá, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n aṣọ ti yí padà, àṣà kò yí padà. Ibẹ̀ ni wàhálà òde òní ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1941, Whinfield àti Dickson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pọ́líẹ́sítà. Epo rọ̀bì ni orírun àwọn méjèèjì. Ike tí wọ́n fà tín-ín-rín bí fọ́nrán òwú ni wọ́n. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n tètè ń gbẹ, owó wọn kò pọ̀, ikán kì í sì jẹ wọ́n. Ohun tí ó mú wọn dára lọ́rùn ènìyàn náà ni ó mú wọn burú lórí ààtàn. Oòrùn lè mú kí wọ́n ṣá, kí wọ́n sì rún sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ike ni wẹ́wẹ́ náà síbẹ̀. Ti jákẹ́ẹ̀tì tún le ju ti ṣẹ́ẹ̀tì lásán lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ náílọ́ọ̀nù, kí inú rẹ̀ jẹ́ pọ́líẹ́sítà, kí síìpù rẹ̀ jẹ́ irin, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nítorí pé wọn kò ṣeé yà sọ́tọ̀ wẹ́rẹ́, ó ṣòro kí ẹ̀rọ tó lè lọ̀ wọ́n láti fi ṣe aṣọ tuntun.

Àwọn kan rò pé iná ni ojútùú ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá dáná sun ẹ̀wù òwú, eérú ni yóò kù. Bí ó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù tàbí pọ́líẹ́sítà ni a dáná sun, yóò yọ́, yóò máa kán tótó, yóò sì rú èéfín dúdú tí gáàsì olóró wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ń ṣeré nítòsí ààtàn ni wọ́n ń fa èéfín náà símú. Ẹ̀wù tí wọ́n bá sì jù sínú gọ́tà kì í bá omi lọ. A máa há sábẹ́ afárá kékeré, a máa gba ìdọ̀tí mìíràn mọ́ra, títí àgbàrá yóò fi yà wọ ilé onílé. Kódà nígbà tí ẹ̀wù náà ṣì wúlò, ó ń ba omi jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé ẹyọ ẹ̀wù kan ṣoṣo lè tú ju 1,900 fọ́nrán tín-ín-rín sínú omi nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Odò àti òkun ni àwọn fọ́nrán náà ń gbà dé inú ẹja.

Ọ̀ràn tún wà lára omi tí kì í ràn mọ́ ẹ̀wù òjò. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS ni wọ́n ti fi ń pa púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lára láti ọdún gbọọrọ wá. Kẹ́míkà yìí kì í tètè túká nínú ilẹ̀ tàbí nínú omi, débi pé ní ọdún 2015 ẹgbẹ́ Greenpeace rí irú rẹ̀ nínú yìnyín orí àwọn òkè tí ó jìnnà réré sí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí. Ìdí nìyí tí orílẹ̀-èdè Faransé fi ṣe òfin ní ọdún 2025 pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, wọn kò gbọdọ̀ ta ẹ̀wù tí PFAS wà nínú rẹ̀ fún ará ìlú. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ṣọ́ra gidigidi, kí ẹ̀wù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ̀ má baà di èyí tí wọn yóò máa dì ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn tó kọ́gbọ́n. Ní orílẹ̀-èdè Chile, aṣọ àlòkù àti èyí tí kò tà ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà ń gba èbúté Iquique wọlé. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ọdún 2021, nǹkan bí 59,000 tọ́ọ̀nù ni ó ń dé lọ́dọọdún, ó kéré tán 39,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ni ó sì ń parí sí aṣálẹ̀ Atacama. Ní ilẹ̀ Gánà tí ó sún mọ́ wa, "obroni wawu", èyíinì ni aṣọ òyìnbó tí ó ti kú, ni wọ́n ń pe òkìrìkà. Ọjà Kantamanto ní Àkírà ni wọ́n ti ń tà á jù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn tí ń ṣèwádìí níbẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 15 ẹ̀wù ni ó ń dé lọ́sẹ̀ kan. Èyí tí kò tà nínú wọn ń di odò àti etí òkun lójú. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò ni ó pàdánù ohun ìní wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni òkìrìkà ń bọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ náà ni ó sì ń ru ẹrù pàǹtírí rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹni tí ń di ẹ̀wù yíya pọ̀ mọ́ èyí tí ó dára kò dá aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Ààtàn rẹ̀ ni ó ń gbé kiri. Aṣọ àlòkù wà lára ohun tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó wọlé, síbẹ̀ ó ń gba ọ̀nà Kútọnu wọlé. Òfin tí wọn kò mú ṣẹ kò dáàbò bo ilẹ̀, kò sì dáàbò bo oníṣòwò kékeré tí ń fi gbogbo owó rẹ̀ ra ìdì kan láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ àkọ́kọ́ kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀: kí ènìyàn ra ìwọ̀nba tí ó nílò, kí ó sì tún un ṣe títí yóò fi gbó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1921 ni ilé-iṣẹ́ Barbour ti ń gba ẹ̀wù òjò tí wọ́n fi ìda pa lára padà láti ọwọ́ oníbàárà, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń fi ìda tuntun pa á. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Patagonia ní Amẹ́ríkà gbé ìpolówó jáde nínú ìwé ìròyìn New York Times, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn má ra jákẹ́ẹ̀tì àwọn bí wọn kò bá nílò rẹ̀. Àwọn kan náà ti ń fi ìgò ike ṣe súwẹ́tà láti ọdún 1993. Ìyẹn dára ju epo rọ̀bì tuntun lọ, ṣùgbọ́n kò dá fọ́nrán tí ń bá omi lọ dúró. Ní Nàìjíríà, ọbíọma tí ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rìn láti òpópónà dé òpópónà lè pààrọ̀ síìpù, ó lè lẹ igbọ́nwọ́, ó sì lè gé jákẹ́ẹ̀tì baba kù kí ó tó ọmọ. Ẹni tí ó fún un níṣẹ́ ti ran àyíká lọ́wọ́, ó sì ti fi oúnjẹ sẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn tún bojú wo òwú àti irun àgùntàn, tí wọ́n ń jẹrà. Kì í ṣe ike nìkan ni ó lè dènà omi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ní ìlú Manchester hun aṣọ òwú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ventile fún àwọn awakọ̀ òfuurufú tí ó lè já sínú òkun. Wọ́n hun ún ní ìfúnpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí omi bá ti kàn án, òwú náà a wú, ihò ara rẹ̀ a sì dí. Télọ̀ kò lè hun Ventile, ṣùgbọ́n ó lè fi kakí nínípọn rán kóòtù, kí ó sì fi aṣọ òwú mìíràn tẹ́ inú rẹ̀ fún ọlọ́dẹ àti awakọ̀. Òtítọ́ ni pé òwú náà ní àléébù tirẹ̀. Omi tí wọ́n darí sí oko òwú ni ó mú kí Òkun Aral ní Éṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Kàtsínà, omi òjò ni ó ń mu jù.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ìjọba wà. Ìlú Kàdúná ti fìgbà kan jẹ́ ojúlówó ìlú aṣọ. Ilé-iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ aṣọ ìlú náà bọ́. Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2002. United Nigerian Textiles tẹ̀ lé e ní ọdún 2007, kí ó tó tún ṣí díẹ̀ ní ọdún 2010. Bí iná mànàmáná bá wà, tí àgbẹ̀ sì rí ọjà fún òwú rẹ̀, aṣọ tí ó ki, tí ó sì ń jẹrà, kò ní jẹ́ ohun tí à ń wá lọ sí òkè òkun. Ó tún yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ya ibi tí wọn yóò máa kó aṣọ gbígbó sí sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi òfin de dídáná sun ún láàárín ìlú.

Iṣẹ́ kò ṣàìkan àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti gbogbo ìlú àjò. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń dá owó jọ fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó lè máa gba ẹ̀wù òtútù tí ó ti kéré jù fún ọmọ kan, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì fi fún ọmọ ẹlòmíràn kí ọyẹ́ tó dé. Ìyá tí ó ní súwẹ́tà mẹ́ta nínú àpótí kò nílò ẹ̀kẹrin nítorí pé ó pọ́ńbélé lọ́jà. Nígbà tí àkókò bá sì tó láti padà sílé fún ọdún, kò yẹ kí àpò ẹrù kún fún ẹ̀wù tí ooru ilé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀, tí yóò sì parí sí ààtàn abúlé.

Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀wù tí kì í jẹrà dàbí àlejò tí kì í lọ: ó yẹ kí ènìyàn ronú dáadáa kí ó tó gbà á sílé, kí ó sì mọ bí òun yóò ṣe bá a gbé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń bọ̀ wá tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.