Ẹ Yé Dáná Sun Ààtàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ààtàn ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò yínmú. Wọn yóò ní ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Yorùbá kì í ṣe ibi tí a ń gbé pàǹtí sí, pé kí n lọ wá ewì tàbí àlọ́ kọ. Mo dá wọn lóhùn pé èdè wa fúnra rẹ̀ kò yínmú sí ààtàn. Ó wà nínú òwe wa, ó wà nínú oríkì wa, ó jókòó níbẹ̀ bí àgbàlagbà tí kì í kọ ohunkóhun tí a bá gbé tọ̀ ọ́ wá. Àwa tí a kàwé ni a sọ ọ́ di ohun ìtìjú. Ohun tí mo fẹ́ wí kò sì pọ̀. Ohun tí a ń dáná sun ní Kabba àti káàkiri ilẹ̀ Okun, oúnjẹ ilẹ̀ ni. Ohun tí ó sì ń mú wa sun ún ni pé a da ọ̀rá pọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ya ọ̀rá sọ́tọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wa àti ní ìsọ̀ ọjà wa, iṣẹ́ kù díẹ̀. Bí a kò bá yà á, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè gbà wá.

Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, ìbáà ṣe ní Owé, ní Bùnú, ní Ìjùmú, ní Ìyàgbà tàbí ní Òwòrò, ohun tí ààtàn jẹ́ nígbà èwe wọn. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà. Eérú inú ààrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́, èèpo iṣu, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tẹ̀tẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn yóò hù, elégédé yóò fà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà ní etí rẹ̀ yóò so ju ti oko lọ. Ìyá tí ó bá fẹ́ kí ata rẹ̀ so dáadáa a bu erùpẹ̀ ààtàn lọ sí ìdí rẹ̀. Àká ni ààtàn í ṣe nígbà náà, kì í ṣe itẹ́ òkú. Ẹ wo iṣẹ́ epo pẹ̀lú: a fún epo tán, ìhá rẹ̀ di ohun ìdáná, a fọ́ ẹkùrọ́, a fi ṣe àdín, èèpo rẹ̀ tọ alágbẹ̀dẹ lọ. Èèpo kòkó tí a sun di eérú, eérú di ọṣẹ dúdú.

Àpẹẹrẹ tí ó dùn mọ́ mi jù lọ ni ti aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú, aṣọ pupa tí a fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àwọn ènìyàn pàtàkì. Òwú pupa inú rẹ̀ kì í ṣe ti oko wa. Búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn, ni àwọn ahunṣọ ń tú palẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán, tí wọ́n sì ń fi òwú náà hun aṣọ tí iyì rẹ̀ ju ti búláńkẹ́ẹ̀tì lọ jìnnà. Elisha Renne, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé lórí aṣọ Bùnú, ó sì jáde ní 1995. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bá ń pariwo lónìí pé àwọn ti rí ọgbọ́n tuntun kan, pé kí ohun tí a lò tán di ìbẹ̀rẹ̀ ohun mìíràn, ara Bùnú lè fi ọwọ́ bo ẹnu kí ó rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ń fi “àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n” parí gbogbo ìjiyàn má tíì pàtẹ́wọ́. Ààtàn àwọn baba wa kò mọ ọ̀rá. Ohun tí ó bá lè jẹrà nìkan ni ó lè jẹ. Ọ̀rá omi tí a fi eyín ya nínú ọkọ̀ láti Lọ́kọ́ja, tí a sì jù sí ẹ̀gbẹ́ títì kí a tó kọjá Ọ̀bàjànà, yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ọmọ ẹni tí ó jù ú bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Láti ìgbà tí ọ̀rá ti wọ inú ààtàn ni àgbẹ̀ ti kọ̀ ọ́, kò sì jẹ̀bi. Ta ni yóò da ọ̀rá sí ìdí iṣu rẹ̀? Níbi tí ó bá tẹ́ sí, omi òjò kì í ráyè wọlẹ̀, gbòǹgbò kì í là á kọjá. Ewúrẹ́ tí ó bá ń jẹ ẹ́ a kú pẹ̀lú ikùn líle. Nígbà tí ààtàn kò wá wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, a ṣáná sí i. A ń sun ewé, a ń sun èèpo, a ń sun ìgbẹ́ ẹran, a ń sun ọ̀rá àti ike pẹ̀lú wọn, èéfín olóró náà sì ń wọ imú ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lọ sí ọjà.

Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ ìlú kan náà yóò tú owó jáde, tí yóò lọ ra ajílẹ̀ inú àpò. Ní 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, owó ajílẹ̀ fò sókè káàkiri ayé, nítorí pé Rọ́ṣíà àti Belarus wà lára àwọn tí ń ta pọ́táàṣì tí a fi ń ṣe é jù lọ. Kí ni ó kan àgbẹ̀ Mọ́pà nínú ìjà Rọ́ṣíà? Ó kàn án, nítorí pé wọ́n ti sun ti ilé rẹ̀. (Pọ́táàṣì yìí kan náà ni ó wà nínú eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.)

Bí a bá ti wí báyìí, èsì kan ni a máa ń gbọ́: “Ìjọba kò tíì gbé ẹ̀rọ wá.” Ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Kogi, ṣé àwa náà ni a ó tún máa dúró de ẹ̀rọ? Láti 1979 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀, kí ilẹ̀ yìí tó di Ìpínlẹ̀ Kogi ní 1991. Àwọn ará Soviet kọ́ ọ, ó tóbi bí ìlú, síbẹ̀ kò tíì fi òkúta irin ilẹ̀ wa ṣe irin kankan. Ẹ wá wo ọmọkùnrin bọ́lá-bọ́lá tí ń ti ọmọlanke káàkiri àdúgbò, tí ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù: sítóòfù tí ó ti jó, páànù tí ó ti dípẹtà, egungun kẹ̀kẹ́. Irin tí ó ń kó jọ ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin àlòkù ní Ìkòròdú àti níbòmíràn, ó sì ń padà wá bí ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Kò sí mínísítà tí ó lu ìlù ṣí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ó ti fún wa ní irin? Síbẹ̀ òun ni a ń wò bí olè nígbà tí ó bá wọ agboolé.

Nígbà tí Kabba wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, àwọn ènìyàn wa gbé Kano, wọ́n sì rí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ń ru pàǹtí ìlú àti ìgbẹ́ ẹran jáde lọ sí oko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ àtayébáyé ni. Òun ni ó jẹ́ kí ilẹ̀ tí ó yí Kano ká máa so lọ́dọọdún láìsinmi. Lónìí, ọ̀rá ti wọ inú ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà.

Ní Ìbàdàn, àwọn olùkọ́ Fásitì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sridhar sì wà lára wọn, lọ́wọ́ sí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjà Bódìjà. Pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń jẹ́ kí ó jẹrà, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń fi ajílẹ̀ òyìnbó díẹ̀ kún. Kí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Kí ènìyàn dúró ti òkìtì pàǹtí kí ó máa fi ọwọ́ ṣa ọ̀rá kúrò. Ohun tí aláta ì bá fi ìka méjì yà sọ́tọ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ di làálàá ọjọ́ gbogbo fún ẹlòmíràn, owó ọ̀yà ẹni náà sì di ara iye tí àgbẹ̀ yóò ra ajílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àlá ni mo ń lá, kí ó lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Níbẹ̀ ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Kano, ti dá oko Songhai sílẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan péré. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná. Omidọ̀tí tí ó kù ń lọ sí oko àti odò ẹja. Ohun tí ó bá jẹrà ń bí ìdin, ìdin ń bọ́ ẹja. Kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí kì í jẹ àjẹkù òmíràn. Ìlú tí a ń sọ yìí kò ju ẹ̀yìn Ìdíròkò lọ, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì ń sọ Yorùbá.

Nílé wa, ohun méjì ni mo lè tọ́ka sí láìwá ẹ̀rọ ńlá kankan. Èkíní ni èèpo ẹ̀gẹ́, tí ó ń pọ̀ bí òkè níbi tí àwọn obìnrin ti ń dín gààrí, tí ó ń rùn, tí a sì ń sun. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ti ILRI ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì sá a, tọ́ọ̀nù 3 rẹ̀ yóò di nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran tí kò ní májèlé. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin gààrí ni. Ó ti wà ní abúlé. Èkejì ni kajú. Ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn tí ń kó o jáde jù lọ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kóró nìkan ni oníṣòwò ń rà. Èso tí kóró náà rọ̀ mọ́ nídìí, tí ó wúwo tó ìlọ́po mẹ́jọ kóró tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́ igi ni ó ń rà sí. Ní Brazil, wọ́n ń fún omi rẹ̀ sínú ìgò tà. Ní Goa, ní Íńdíà, wọ́n ń fi í pọn ọtí. Bí a kò bá tilẹ̀ lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ jẹ́ kí a kó o sínú òkìtì ajílẹ̀.

Òkìtì náà kò ní awo nínú. A ó to ewé gbígbẹ, a ó da èèpo tútù àti ìgbẹ́ ẹran lé e, a ó tún to gbígbẹ lé e. A ó wọ́n omi sí i, a ó sì máa yí i padà láti ìgbà dé ìgbà. Inú rẹ̀ yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò ní lè pẹ́ níbẹ̀. Ooru náà ni ń pa kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó ti di ilẹ̀ dúdú. Kabba tí a ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láti àwọn ọdún 1960 kò lè ní òun kò gbọ́ èyí rí.

Òótọ́ ni pé ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo láti rù, kò sì lágbára bíi ti àpò. Nitrogen inú àpò 15-15-15 jẹ́ 15 nínú 100. Ti ajílẹ̀ ààtàn sábà máa ń wà láàárín 1 àti 2. Ẹni tí ó bá sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó ju àpò nù pátápátá ń tàn án. Ṣùgbọ́n àpò kì í mú kí ilẹ̀ di omi mú, kì í sì í fi ara kún ilẹ̀ tí ó ti rù. Kí a da méjèèjì pọ̀ bíi ti Bódìjà, àgbẹ̀ yóò ra àpò díẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a máa gba owó pàǹtí lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà. Mo lòdì sí i. Àwọn ni wọ́n ń gbálẹ̀ láàárọ̀, àwọn ni wọn yóò ya ọ̀rá sọ́tọ̀. Ṣé àwọn náà ni yóò tún sanwó? Kí ìjọba ìbílẹ̀ ra àpò méjì méjì fún ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ohun jíjẹrà, ọ̀kan fún ọ̀rá àti ike, kí ó sì jẹ́ kí bọ́lá-bọ́lá wá ra èkejì ní gbangba. Ní ti àwa ọmọ fásitì tí ojú ń tì láti di ṣọ́bìrì mú níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, owó ẹ̀gẹ́ àti ti kajú ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí.

Kajú yóò pọ́n ní oṣù kejì. Kí àwọn tí ó bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì bá ìyálọ́jà wọn sọ̀rọ̀ lórí àpò méjì yìí, kí wọ́n sì béèrè ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọjà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí ilẹ̀, kí wọ́n nàka sí ibi tí iná ń jó.