Ta Ni Ó Ń Fi Ọ̀rọ̀ Sí Ọmọ Wa Lẹ́nu?

Ẹ̀yin ọlọ́lá ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan ń bí wa nínú. Bí a bá dárúkọ Orlando Martins, ọmọ Èkó, òṣèré sinimá tí a bí ní 1899, tí ó sì kú ní 1985, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yangàn ni pé ó bá Ronald Reagan, ẹni tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, ṣeré nínú The Hasty Heart ní 1949. Ǹjẹ́ iyì ọmọ wa kò ju ti ẹni tí ó dúró tì lọ bí?

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n fún un ṣe. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun ní Burma ni eré náà ti wáyé. Àwọn aláìsàn yòókù ń tàkúrọ̀sọ. Blossom, ọmọ-ogun Basuto tí Martins ṣe, ni kò gbọ́ èdè wọn. Ọkùnrin tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, òun ni wọ́n sọ di odi!

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú Sanders of the River ní 1935, sinimá tí ó yin aláṣẹ òyìnbó tí ń ṣe àkóso àwọn àgbà bí ẹni ń tọ́ ọmọdé. Paul Robeson tí ó jẹ́ ọ̀gá òṣèré inú rẹ̀ padà wá bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Nínú Men of Two Worlds, ní 1946, Martins ni Magole, oníṣègùn tí kò fẹ́ kí àwọn ará abúlé ṣí kúrò níbi tí eṣinṣin àrùn oorun ti ń pa wọ́n.

Àwọn kan wí pé ì bá ti kọ̀. Àwa kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù: ẹni tí ó ni kámẹ́rà ni ó ni ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kọ Kongi's Harvest, tí a sì yà á ní 1970, Martins wà níbẹ̀ nínú ìtàn tí ọmọ ilẹ̀ wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà Àjàní Ògún ní 1976 ni a ti ń ya sinimá ní èdè wa. Kí ni a fi ṣe? Magole kan náà ni! Babaláwo, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ odù 256, ni púpọ̀ nínú àwọn sinimá wa sọ di òṣìkà tí ń ta oògùn owó. Oníwàásù ni wá, a kì í bọ Ifá. Síbẹ̀ irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè, kí ẹ tó fi oyè dá oníṣinimá lọ́lá, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ọ̀rọ̀ tí ó fi sí àwọn baba yín lẹ́nu. Martins kò ní kámẹ́rà. Àwa ní in. Kí ni àwíjàre wa?